Ta Ló Pa Nọ́ḿbà Àwòrán Keje?

Ìwé náà kò pariwo. Ohun tí mo kọ́kọ́ ṣàkíyèsí nìyẹn, òun náà ló sì gbé mi dé ibi tí ì bá sàn kí n má dé rárá.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ Ọjọ́rú ni. Mo jókòó sórí àga oníke nínú àpátímẹ́ǹtì Olúwaníyì Akínṣọlá ní Gulfton, ní ìlú Houston, mo gbé ìwé ìlànà iṣẹ́ olójú-ewé mẹ́tàlélógún lé itan. Níyì fúnra rẹ̀ wà lórí àga kejì, ó ń wo kápẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé nǹkan rẹ̀ kan ló sọnù síbẹ̀. Olúwafúnmiláyọ̀ ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́yìn mi, ó pọn ọmọ. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Sìkírátù Adéògún ni orúkọ mi. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àdúgbò Third Ward ń pè mí ní Màmá Tísíìsì, nítorí pé ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń bá wọn to ìwé àṣekágbá wọn: etí ìwé, nọ́ḿbà ojú-ewé, nọ́ḿbà àwòrán. Inú iṣẹ́ yẹn ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń mú òpùrọ́. Mo ti mú ẹni tó yí ọjọ́ padà lórí ìwé ìhágún, mo sì ti mú pásítọ̀ kan tó jókòó sílé rẹ̀ tó kọ lẹ́tà ìyìn fún ara rẹ̀. Látìgbà náà, bí ìwé bá ti dá wàhálà sílẹ̀ láàárín àwa Yorùbá Houston, èmi ni wọ́n ń pè. Mi ò ní báàjì, mi ò ní ìbọn. Gíláàsì ojú méjì ni mo ní, ọ̀kan fún ìwé, ọ̀kan fún ìwakọ̀, ẹnu mi sì mú.

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n torí ẹ̀ pè mí rèé. Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù ilé-iṣẹ́ kan ní Clear Lake tí wọ́n ti ń dán ẹ̀rọ wò, Taofeek, tí òun àti Níyì jọ ń ṣiṣẹ́, dúró níwájú ẹ̀rọ pẹ̀lú ìwé ìlànà yìí lọ́wọ́. Ìgbésẹ̀ kejìlá ní kí ó pa fáàfù tí wọ́n fi pupa yí ká nínú Àwòrán 7. Ó wo Àwòrán 7, ó pa á. Ojú ọ̀nà tí ooru omi gbígbóná ń gbà jáde ló pa, nígbà tó jẹ́ pé ojú ọ̀nà tó ń gbà wọlé ló yẹ kó pa. Páìpù bẹ́. Ooru yẹn gba ojú Taofeek méjèèjì lọ. Ọlọ́pàá wá, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n ní ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ ni, wọ́n bá tiwọn lọ.

Níyì ló kọ ìwé náà. Lẹ́tà tí ilé-iṣẹ́ fún un wà lórí tábìlì, mo ti kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Òfin wọn ni pé nọ́ḿbà àwòrán gbogbo gbọ́dọ̀ wà láàyè títí ìwé yóò fi dé ọwọ́ ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ jáde. Ẹnì kan ti rú òfin yẹn. Bí Níyì kò bá lè fi hàn ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọ̀la pé ìwé náà kúrò lọ́wọ́ òun láàyè, wọ́n á lé e lẹ́nu iṣẹ́. Iṣẹ́ yẹn ló sì gbé físà rẹ̀ dúró. Ọgọ́ta ọjọ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá lé e, òun, ìyàwó àti ọmọ gbọ́dọ̀ kó ẹrù wọn kúrò ní Amẹ́ríkà.

"Níyì, wò mí lójú. Ṣé ọwọ́ lo fi tẹ nọ́ḿbà yẹn, àbí o so ó?"

"Mo so ó, Ma. Gbogbo ẹ̀. Insert cross-reference, one by one. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níṣẹ́ yẹn, ṣé èmi ni máa wá máa fọwọ́ tẹ nọ́ḿbà?"

"Ó dá ẹ lójú?"

"I swear, Ma. Ààyè ni wọ́n."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ̀. Nínú ìwé tí a fi kọ̀ǹpútà kọ, ọ̀nà méjì ni èèyàn lè gbà kọ "wo Àwòrán 7". Ó lè fọwọ́ tẹ méje yẹn kó sì máa lọ. Ó sì lè so ó mọ́ àwòrán náà, kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa ka iye rẹ̀. Èyí tí a so ni àwa tó ń ṣiṣẹ́ yìí ń pè ní alààyè. Bí o bá yọ àwòrán kan kúrò láàárín, tí o sì tẹ bọ́tìnnì tó ń jí wọn, àwọn tó kù á sún mọ́ra, nọ́ḿbà inú ọ̀rọ̀ á sì sún tẹ̀lé wọn. Bó bá jẹ́ pé àwòrán tí ọ̀rọ̀ kan ń tọ́ka sí gan-an lo yọ, ìwé á pariwo: á kọ Error! gàdàgbà síbẹ̀, pé òun kò rí ohun tí wọ́n ní kí òun wò. Òkú nọ́ḿbà kì í pariwo. Ibi tí o bá fi í sí ló máa wà.

Mo ṣí ìwé orí itan mi. Ojú-ewé kẹfà sọ pé Àwòrán 4 ni ẹnu-ọ̀nà ọgbà oníbàárà. Mo wo Àwòrán 4, géèjì ni. Ojú-ewé kẹsàn-án ní Àwòrán 5 ni géèjì. Mo wo Àwòrán 5, páìpù ni. Láti ibẹ̀ dé ìparí, gbogbo rẹ̀ fi ọ̀kan yàtọ̀. Ẹnì kan ti yọ àwòrán ẹnu-ọ̀nà kúrò, àwọn àwòrán ti sún mọ́ra, ọ̀rọ̀ inú ìwé kò sún. Fáàfù tí Níyì ní lọ́kàn ti di Àwòrán 6, òmíràn ti jókòó sí ipò méje. Síbẹ̀, kò sí Error! kan ṣoṣo láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ta ló tún fọwọ́ kan ìwé yìí lẹ́yìn ẹ?"

"Mo fi ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n Ọláwọlé lọ́sàn-án Monday kí wọ́n bá mi wò ó, torí àwọn ni àgbà ibi iṣẹ́ wa. Àwọn ló ní kí Alice tẹ̀ ẹ́ jáde. Taofeek ló wá lò ó."

Fúnmi sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. "Màmá, ẹ máa rí ẹni tó ṣe é, àbí?"

"Mo máa rí i."

Mo sọ ọ́ gbọnmọgbọnmọ, bí ẹni tó ti rí i tẹ́lẹ̀. Bí mo ṣe ń kó báàgì mi, mo wo tábìlì tí Níyì ti ń ṣiṣẹ́ tó bá wà nílé àti ògiri tó wà níwájú rẹ̀: kàlẹ́ńdà ìjọ, fọ́tò ìgbéyàwó, nọ́ḿbà fóònù daycare, ìwé yẹ́lò kékeré kan tí sẹ́lótéèpù rẹ̀ ti pọ́n. Mo máa ń fọ́nnu pé ojú mi kì í fo nǹkan.

*

Ní ilé ìwòsàn, ohùn ni Taofeek fi dá mi mọ̀. Wọ́n ti fi báńdéèjì funfun wé e lójú yípo orí, nọ́ọ̀sì ní kí n má pẹ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni wọ́n ń sọ pé mi ò ka ìwé dáadáa?"

"Àwọn kan ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ gbọ́ tẹnu ẹ."

"Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Step 12, Figure 7, red circle. Mo fi ìka sí i, mo wo ẹ̀rọ, mo tún wo ìwé."

"O kò fura?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ fura, Ma? Fáàfù ni wọ́n ní kí n wá, fáàfù ni mo rí. Pupa ni wọ́n ní, pupa ni. Figure 1 dé 3 tí mo ti lò tẹ́lẹ̀, correct ni gbogbo ẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Àwòrán tó jẹ́ méje àti èyí tó jẹ́ mẹ́jọ kí wọ́n tó yọ ọ̀kan, àwọn méjèèjì ni wọ́n fi pupa yí fáàfù inú wọn ká, kò sì sí ohun tó ṣe mẹ́ta àkọ́kọ́, nítorí pé wọ́n wà ṣáájú èyí tí wọ́n yọ. Mo yọ orúkọ Taofeek kúrò lára àwọn tí mo ń fura sí. Kò ṣẹ̀ sí ẹnikẹ́ni.

Mo ti dìde kó tó tún sọ̀rọ̀. "Ẹ bá mi sọ fún Níyì pé mi ò bínú sí i o. Òun ló ń gbé mi láti Gulfton lọ sí Clear Lake lójoojúmọ́ látìgbà tí mo ti dé. Freeway yẹn jìn. Kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ mi rí."

"Màá sọ fún un."

"Ṣé ilẹ̀ ti ṣú níta ni, Ma?"

Aago mọ́kànlá àárọ̀ ni. Oòrùn kún inú yàrá náà dé orí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo sọ fún un pé kò tíì ṣú, mo sì yára jáde.

*

Alice ni ó kù tí mo lè rí lákòókò oúnjẹ ọ̀sán. A pàdé níbi tí wọ́n ti ń ta kọfí nítòsí ilé-iṣẹ́ wọn. Ọmọ ìdílé Adédayọ̀ ni, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún, Houston yìí ni wọ́n bí i sí. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀ kí mi, ìkúnlẹ̀ tó fi hàn pé ìyá rẹ̀ ti pariwo lé e lórí dáadáa nígbà kékeré.

"Auntie, ẹ káàsán. Mi ò sùn since Thursday."

"Sọ ohun tí o ṣe sí ìwé Níyì fún mi. Má fo nǹkan kan."

"Mr. Ọláwọlé ní kí n yọ picture 4. Orúkọ client wà lára gate yẹn, a ò gbọ́dọ̀ show ẹ̀. So mo delete ẹ̀, picture àti ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ ẹ̀."

"Lẹ́yìn yẹn?"

"Mo select gbogbo ẹ̀, mo press F9. Wọ́n kọ́ wa bẹ́ẹ̀ ní office."

Bọ́tìnnì tó ń jí nọ́ḿbà nìyẹn. Mo ti rò pé kò tẹ̀ ẹ́. Lọ́kàn mi, mo ti ń kọ lẹ́tà tí yóò dá Níyì sílẹ̀ lórí ẹ̀bi ọmọbìnrin yìí. "O tẹ̀ ẹ́? Ó dá ẹ lójú?"

"Twice. Nothing happened, so mo ti fẹ́ print. But the pictures, Auntie, wọ́n lọ one, two, three, five. It was ugly. So mo fix wọn."

Mo gbé kọfí mi sílẹ̀. "Ta ló fix wọn? Ìwọ ni, àbí kọ̀ǹpútà?"

"Èmi. Mo type wọn. Five sí four, six sí five, like that. Seven of them."

"Nọ́ḿbà inú ọ̀rọ̀ ńkọ́?"

"I thought wọ́n máa change fúnra wọn. Rule ni pé they're always live. Ṣé èmi ni mo fọ́ ojú Uncle Taofeek?"

Ojú ọmọ náà ṣe mí láàánú, àmọ́ ọpọlọ mi ti ń sáré. Bó bá jẹ́ pé ààyè ni nọ́ḿbà nígbà tí Alice tẹ bọ́tìnnì, àwọn àwòrán ì bá ti sún mọ́ra fúnra wọn, kò ní sí àlàfo kankan tí yóò fọwọ́ tún ṣe. Ojú-ewé kẹfà ì bá sì ti pariwo Error! mọ́ ọn lójú. Ọmọ yìí fọwọ́ tẹ nọ́ḿbà méje nítorí pé òkú ni ìwé náà nígbà tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó pa á ti ṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú.

"O ṣe àṣìṣe," mo sọ fún un. "Àmọ́ ìwọ kọ́ ni o bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Lọ jẹun."

Ó ku ènìyàn méjì, Níyì sì ti búra fún mi.

*

Kí n sọ tòótọ́, mo fẹ́ kí ó jẹ́ Ọláwọlé. Ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tó ti wà ní Clear Lake, ó ní ilé tó kọjú sí omi, ó sì máa ń bá àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òun ló fi ẹ̀yìn pọ̀n wọ́n sọdá òkun. Ní ìpàdé ọmọ ìlú lẹ́ẹ̀kan, ó pè mí ní "àwọn tó ń tẹ̀wé". Mi ò tíì gbàgbé. Láti ibi kọfí dé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀, mo ti ro bí ó ṣe ṣe é: ó ṣí ìwé Níyì lórí fóònù, fóònù náà pa nọ́ḿbà kú, kò sì ní jẹ́wọ́ torí pé àgbà ni.

Ó mú mi jókòó sí yàrá tí ó fi ń ṣiṣẹ́. Ó ti rù.

"Ẹ̀gbọ́n, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn. Ṣé orí fóònù lẹ ti ka ìwé Níyì?"

"Fóònù? Pẹ̀lú ojú mi yìí, Alhaja?" Ó ṣí dúrọ́ọ̀, ó fa ìdì ìwé kan yọ. "Mo tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, mo fi bíírò kọ sí i. Èmi kì í fọwọ́ kan fáìlì àwọn ọmọ. Mo máa ń bẹ̀rù kí n má bà á jẹ́ fún wọn."

Bíírò pupa wà káàkiri rẹ̀ lóòótọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán ẹnu-ọ̀nà, ó kọ ọ́ pé kí Alice yọ ọ́. Ìsàlẹ̀ pátápátá, ó kọ "Níyì, well done", ó fa ìlà sí i nídìí.

"Alice ńkọ́? Fáìlì wo lẹ fún un?"

"Èyí tí Níyì fi ránṣẹ́ náà ni mo darí sí i, bó ṣe wà. Ó ṣì wà nínú email mi. Monday, aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́jọ."

Ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì fọwọ́ kàn látìgbà tó ti kúrò lọ́wọ́ Níyì. Ẹ̀rí tí mo ń wá nìyẹn. Mo ní kí ó ṣí i, ó ṣí i, ó sì dìde fún mi lórí àga rẹ̀.

Bí o bá tẹ nọ́ḿbà alààyè lẹ́ẹ̀kan, á yí sí àwọ̀ eérú lábẹ́ ọwọ́ rẹ. Mo lọ sí ìgbésẹ̀ kejìlá. Mo tẹ méje yẹn.

Funfun ló wà.

Mo tún un tẹ̀. Mo lọ sí ojú-ewé kẹfà, mo tẹ mẹ́rin. Funfun. Mo lọ sí abẹ́ àwọn àwòrán, mo tẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan láti oókan dé mọ́kànlá. Kò sí ọ̀kan tó yí àwọ̀ padà.

"Kí lẹ rí?" Ọláwọlé bi mí.

"Mo rí i pé ẹ̀yin kọ́."

Ó jókòó sórí àpótí ìwé kan, ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú. "Ṣé ẹ rò pé inú mi dùn? Èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n tó gba ọmọ yẹn. Èmi ni mo lọ gbé e ní airport. Mo ti ń wá ohun tí mo lè sọ fún wọn lọ́la látìgbà tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀, Alhaja, mi ò rí i. Bí wọ́n bá bi mí, mi ò lè purọ́."

Mo fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbogbo ohun tí mo ti rò láàárín ọ̀nà. Mi ò mọ ibi tí n óò ti bẹ̀rẹ̀.

*

Fúnmi ló ṣílẹ̀kùn. Ó ti wo ojú mi kó tó kí mi, ó sì sún sẹ́yìn kí n lè kọjá.

"Níyì," mo ní, "òkú ni gbogbo nọ́ḿbà inú ìwé yẹn nígbà tó kúrò lọ́wọ́ ẹ. Mo rí i nínú email Ẹ̀gbọ́n. Kí ló dé tí o purọ́ fún mi?"

"Mi ò purọ́, Ma! Mo so wọ́n! Ẹ lè pe Taofeek, ó jókòó tì mí nígbà tí mo ń so wọ́n."

Mo wò ó dáadáa. Mo ti rí òpùrọ́ tó pọ̀. Ọmọ yìí kò sí lára wọn. Ẹ̀rù wá bà mí ju ìgbà tí mo rò pé ó ń purọ́ lọ.

"Jókòó. Sọ gbogbo ohun tí ọwọ́ ẹ ṣe ní ọjọ́ yẹn, láti ìgbà tí o kọ ọ̀rọ̀ ìkẹyìn."

"Ilé níbí ni mo ti ṣe é. Mo kà á láti òkè. Mo check spelling. Mo fi orúkọ mi sí i." Ó ń fi ìka ka á. "Mo ṣe tiyín. Mo fi ránṣẹ́."

"O ṣe kí ni?"

"Tiyín, Ma. Èyí tí ẹ kọ́ wa." Ó nawọ́ sí ògiri.

Ìwé yẹ́lò kékeré yẹn ni. Mo súnmọ́ ọn, mo pààrọ̀ gíláàsì ojú mi. Ọwọ́ ìkọ̀wé mi ni, ó dà sí apá òsì bó ṣe máa ń dà.

"Kí o tó fi ìwé ránṣẹ́ sí àgbà: Ctrl A. Ctrl Shift F9. Kí ojú má bàa tì ọ́."

F9 nìkan ń jí nọ́ḿbà; bọ́tìnnì mẹ́ta ìkẹyìn yẹn lápapọ̀ ló ń pa á. Ó ń sọ gbogbo wọn di ọ̀rọ̀ lásán lẹ́ẹ̀kan náà, àti ti inú ìwé àti ti abẹ́ àwòrán.

Mo rántí ọjọ́ tí mo kọ ọ́. Ọdún tí Níyì ń parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni. Ó gbé ìwé àṣekágbá rẹ̀ síwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́ta, Error! wà lójú-ewé mẹ́rìnlá, ọ̀kan nínú wọn sì ń kà wọ́n sókè, ó ń rẹ́rìn-ín. Níyì sọkún wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Inú bí mi. Mo sọ fún un pé láé, àgbà kan kò tún ní rí irú ẹ̀ lọ́wọ́ ọmọ tí mo bá kọ́, mo fa ìwé yẹ́lò yọ, mo kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Látìgbà náà ni mo ti ń kọ ọ́ fún gbogbo ẹni tó bá wá. Ìdajì rẹ̀ kejì wà o: tọ́jú ẹ̀dà tó wà láàyè, ẹ̀dà òkú ni kó lọ, nígbà tí iṣẹ́ bá ti parí pátápátá tí ẹnikẹ́ni kò tún ní fọwọ́ kàn án. Ṣé mo sọ èyí fún Níyì? Mi ò rántí. Ìwé náà kéré, kò sí lórí rẹ̀.

"O mọ òfin ilé-iṣẹ́ yín," mo ní.

"Mo mọ̀ ọ́, Ma. Mo so nọ́ḿbà nítorí òfin yẹn. Eléyìí, mi ò tiẹ̀ ronú kàn án. Ó ti di bí ìgbà tí èèyàn ń wọ bàtà. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń fi ránṣẹ́ sí. Ṣé mo wá lè fi ìwé tó máa kọ Error! sí wọn lójú ránṣẹ́?" Mo rí i tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára díẹ̀díẹ̀. "Ọlọ́run mi. Èmi ni. Èmi ni mo ṣe Taofeek báyìí."

Fúnmi ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọmọ ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. "Nítorí kí ojú má bàa tì yín," ó ní. "Ojú ọmọ ọlọ́mọ lọ nítorí kí ojú má bàa tì yín."

Mo na ọwọ́ sí ògiri, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí sẹ́lótéèpù náà.

"Ẹ jọ̀ọ́, Ma, ẹ fi í síbẹ̀," Níyì ní. "Ẹ má dárúkọ ara yín fún wọn lọ́la. Kò ní yí nǹkan kan padà."

Mo ká ìwé náà sínú báàgì mi. Mo ní kò lè má yí nǹkan kan padà. Mo gbà á gbọ́ nígbà tí mo ń sọ ọ́.

*

Aago mẹ́wàá Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá obìnrin ilé-iṣẹ́ náà jókòó ní iwájú wa, Ọláwọlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó doríkodò. Mo sọ ohun gbogbo bó ṣe rí: àwòrán tí wọ́n yọ, nọ́ḿbà tí Alice fọwọ́ tẹ̀, fáìlì ọjọ́ Monday tó jẹ́ funfun láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo wá tẹ́ ìwé yẹ́lò sórí tábìlì. Mo ní èmi ni mo kọ́ ọ, orí mi ni ẹ̀bi yẹ kó wà.

Ó gbé e, ó yí i síwá sẹ́yìn. Ó bi mí bóyá mo ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo ní rárá. Ó bi Níyì bóyá òun fúnra rẹ̀ ló tẹ àwọn bọ́tìnnì náà. Níyì ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dá ìwé náà padà fún mi jẹ́jẹ́, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi: títí di àárọ̀ yìí, ó ní, àwọn kàn ń fura ni, àwọn kò ní ẹ̀rí.

Mo gbọ́ ọ dáadáa. Ẹ̀rí tí wọn kò ní ni mo fi ọwọ́ mi kó wá fún wọn. Níyì bọ́ káàdì iṣẹ́ lọ́rùn, ó fi lé orí tábìlì, ó sì tún okùn rẹ̀ ká dáadáa kó tó fi í sílẹ̀.

Níta, láàárín àwọn mọ́tò, mo yíjú sí i láti bẹ̀ ẹ́. Kó tó di pé mo la ẹnu, ó ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mi lórí kọ̀ǹkéré gbígbóná, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, Ma. Ẹ gbìyànjú fún wa."

Mo ní kí ó dìde. Mo bẹ̀ ẹ́ kí ó dìde. Mo sọkún níbẹ̀ níṣojú gbogbo àwọn tó ń jáde lọ jẹun, mi ò sì lè fi ọwọ́ kan èjìká rẹ̀.

Aago méjì ni mo padà sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Third Ward. Mo gbé ìwé ńlá tí mo ń kọ orúkọ àwọn oníbàárà mi sí jáde. Níyì ni ẹni kọkànlélọ́gọ́ta nínú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, mo kà wọ́n, àwọn tí mo tún kọ ìwé yẹ́lò fún lé ní àádọ́jọ: ẹnjiníà, dókítà, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ epo. Èyí tó tẹ̀lé Níyì ni Ọmọ́yẹni, ó wà ní Dallas báyìí, ní ilé ìwòsàn kan, òun ló ń kọ ìwé tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń po oògùn. Mo tẹ nọ́ḿbà rẹ̀. Fóònù dún lẹ́ẹ̀mẹta.

"Màmá Tísíìsì! Ẹ káàsán o, Ma! Mi ò gbàgbé yín rárá. Ìwé yẹ́lò yín ṣì wà lórí desk mi níbí, mo ti kọ́ gbogbo àwọn tó wà lábẹ́ mi."

Mo fi ọwọ́ kejì wá àga, mo jókòó.